Ẹ Mú Ọmọ Kan Wọ Atlanta, Kí Ẹ sì Fi Mọ́tò Sílẹ̀

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan nígbà tí ẹ bá ń jẹun alẹ́ òní. Ẹ ní kí ó sọ ohun tí ó mọ̀ nípa Atlanta. Bí ó bá jẹ́ pé Lawrenceville níbí ni a bí i sí, tàbí pé ẹ̀yìn ni ẹ pọ̀n ọ́n sí nígbà tí ẹ dé, n kò rò pé ìdáhùn rẹ̀ yóò ju mẹ́ta lọ: pápá ọkọ̀ òfuurufú tí a ti lọ pàdé Màmá Àgbà, gbọ̀ngàn tí a ti ṣe ìgbéyàwó àǹtí kan, àti àwọn ilé gogoro tí ó ń rí láti ojú fèrèsé mọ́tò bí bàbá rẹ̀ ti ń sáré kọjá ní ojú ọ̀nà 85. Ìlú náà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí ẹnu ọ̀nà yín. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́wàá, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ní títì ibẹ̀ rí.

Gbèsè ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí lọ́rùn àwa òbí, ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo sì tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìdílé ni mò ń ṣe jẹun. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ni ó mú mi gbé kálámù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ráhùn ebi, wọn kì í sì í sọ pé wọ́n fi ìyà jẹ àwọn. Ohun tí mo ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni pé, “Bàbá mi kò mọ̀ mí.” Bàbá yìí kan náà sì nìyí, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe nítorí ọmọ yìí. Ìyá ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, ó sì ń fi ojú oorun gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀. Àwọn òbí kò purọ́ bí wọ́n bá ní àwọn ń ṣe gbogbo agbára àwọn. Ọmọ náà kò purọ́ pẹ̀lú.

Mo mọ èsì tí yóò wá. “Ta ni ó mú àwa náà yẹ ìlú wò nígbà tí a wà ní kékeré?” Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí dáadáa. Ẹni tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, bí bàbá rẹ̀ bá ń lọ sí Dùgbẹ̀, “Wọ bàtà rẹ, jẹ́ kí á lọ” ni. Ojú ọ̀nà ni ó ti mọ Ilé Kòkó, tí wọ́n parí ní 1965. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti nàka sí ilé Láyípo fún un, èyí tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ̀ ní 1936. Ojú ọ̀nà kan náà ni ó ti gbọ́ bí bàbá ṣe ń ná ọjà, tí ó rí ẹni tí bàbá ń dọ̀bálẹ̀ kí àti ẹni tí bàbá ń yà kúrò lọ́nà fún. Ó ń kọ́ ìlú, ó sì ń kọ́ bàbá rẹ̀ papọ̀, kò sì sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀.

Ibi tí a wà yìí ni kò fún wa ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lawrenceville gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n láti inú gáréèjì ni ọmọ ti ń bọ́ sínú mọ́tò, láti inú mọ́tò ó di ilé-ìwé, ó di Sugarloaf Mills, ó di ilé ìjọsìn, ó di òde àríyá, ó tún di gáréèjì. Ọkọ̀ ojú irin MARTA tí ó ń gbé àwọn ará Atlanta kò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn olùdìbò Gwinnett ni wọ́n kọ̀ ọ́ ní 1971, wọ́n tún kọ̀ ọ́ ní 1990 àti ní 2019. Ní 2024 tí wọ́n tún dìbò lórí owó orí tí a ó fi mú ọkọ̀ èrò gbòòrò sí i, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n tún wí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, ìbẹ̀rù pé àwọn dúdú yóò bá ọkọ̀ náà dé wà lára ohun tí ó fà á. Kò sí ìdí tí a ó fi máa fi bò. (Ẹni tí ó bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà 85 ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ mọ ẹni tí ìbò náà jẹ níyà.) Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi pé àwa tí a dúdú náà ti kó ìbẹ̀rù yẹn sára, tí a ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe fún irú wọn.

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nìyí: ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Doraville, níbi tí ojú irin ti parí ní apá ọ̀dọ̀ wa, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là méjì ààbọ̀ fún àgbà, ọmọ tí kò bá sì ga ju íǹṣì 46 lọ kò ní san nǹkan kan bí ó bá wà pẹ̀lú yín. Kì í ṣe nítorí owó nìkan ni mo fi sọ ọ́. Nínú mọ́tò, ẹ̀yìn orí yín ni ọmọ ń wò. Ẹ̀yin ń wo títì, fóònù ń dún, òun náà sì ti di etí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ jọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, ọwọ́ yín ṣófo, ẹ̀yin méjèèjì sì jẹ́ àlejò díẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé a máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ti sọ èyí fún àwọn òbí kan tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì padà wá dúpẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ wa nínú, nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a ń ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ọmọ mẹ́rin àti kúlà ońjẹ sínú ọkọ̀ ńlá, olùṣọ́ ni ẹ ó jẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, “Kóyẹ́, má sáré!” nìkan ni ẹ ó sì rí sọ. Ẹ jẹ́ kí ó yí kárí. Ẹ yan Sátidé tí kò sí àríyá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, kí ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ ẹbí kankan gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ tẹ́ àwòrán ìlú náà sórí tábìlì ní alẹ́ ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí òun fúnra rẹ̀ yan ibi kan, kí ẹ̀yin náà yan ọ̀kan. Ibi méjì tó. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: ẹ wádìí wákàtí tí wọ́n ń ṣí, kí ẹ má baà fi ẹsẹ̀ ọmọ rìn dé ìdí ìlẹ̀kùn títì.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń yan, Auburn Avenue ni n ó yàn. Ẹ ó yí ọkọ̀ padà ní Five Points, ẹ ó sọ̀ ní King Memorial, ẹ ó sì rìn díẹ̀ dé ilé onínọ́ńbà 501, níbi tí wọ́n bí Martin Luther King sí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1929. Wọ́n ti inú ilé náà fún àtúnṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ẹ béèrè bí ó ti wà kí ẹ tó lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ṣì wà ní títì, ìta rẹ̀ tó láti rí pé ilé bí ilé ni, tí ó ní ìloro níwájú. Ẹ ó rí ilé panápaná àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1894, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer níbi tí bàbá àti ọmọ ti jọ wàásù, ẹ ó rí ibojì òun àti ìyàwó rẹ̀ láàárín omi. Ẹ kò ní sanwó láti wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wàásù. Ọmọ ti gbọ́ nípa ọkùnrin yìí ní ilé-ìwé ní gbogbo oṣù Kìn-ín-ní. Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ lè má sọ fún un ni ti yín: pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, Martin Luther King wá sí Èkó nígbà tí wọ́n ń fi Dókítà Nnamdi Azikiwe jẹ Gómìnà Àgbà. Ẹ sọ fún un pé ìlú tí màmá àgbà rẹ̀ ti máa ń ra aṣọ ni ọkùnrin yìí wá. Ẹ óò rí ojú rẹ̀.

Ẹ rìn sí ìsàlẹ̀ àdúgbò náà, ní apá ibi tí àwọn ilé gogoro wà. Níbẹ̀ ni ilé àtijọ́ ti ilé iṣẹ́ adójútòfò Atlanta Life wà, ilé iṣẹ́ tí Alonzo Herndon dá sílẹ̀ ní 1905. Ẹrú ni wọ́n bí i ní 1858, ní Walton tí ó bá Gwinnett tiwa pààlà. Onígbàjámọ̀ ni, iṣẹ́ abẹ ni ó sì fi di ọlọ́rọ̀. Bí ọmọ yín bá ń tijú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, irú èyí tí ẹ ń wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sí, ẹ kò ní nílò láti sọ ohun mìíràn lẹ́yìn ìtàn yìí.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ó gba abẹ́ afárá ńlá kan kọjá. Ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀. Ariwo mọ́tò yóò máa dún lókè orí yín. Ojú ọ̀nà 85 ni, èyí tí a ń sá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, àárín àdúgbò àwọn dúdú yìí ni wọ́n là kọjá, wọ́n sì gé e sí méjì. Ọmọ tí ó ti ń wo ìlú yìí láti òkè ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò wá rí ohun tí ó wà nísàlẹ̀.

Ẹ jẹun ní ọjà Sweet Auburn tí ó wà ní Edgewood, nítòsí ibẹ̀. Inú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1924 ni ọjà náà wà. Ní ayé ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun, àwọn dúdú kò lè pàtẹ nínú. Etí títì níta ni wọ́n ti ń tajà. Ẹ fún ọmọ ní owó díẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ ra nǹkan, kí ó ka ṣéńjì rẹ̀. Ẹ máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ojú ń tì láti sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa gbádùn rẹ̀ láàárín àjèjì, nítorí ó di àṣírí ẹ̀yin méjì.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lágbára, Centennial Olympic Park kò jìnnà. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣe ọgbà náà fún ìdíje Òlíńpíìkì. Ìtàn tiwa wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún náà, Chioma Ajunwa, obìnrin ọlọ́pàá, fo mítà 7.12 ní Atlanta, ó sì gba wúrà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà rí nínú Òlíńpíìkì. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa na Ajẹntínà ní góòlù mẹ́ta sí méjì, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé Brazil lọ. Ìlú Athens ni wọ́n ti gbá a, ní òpin ọ̀nà 316 tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Lawrenceville kọjá. Àwọn tí ó wà láyé nígbà náà nínú wa kò nílò ìwé láti fi sọ ọ́.

Ní ti Georgia Aquarium tí ó dojú kọ ọgbà náà, ó dára, àwọn ẹja ibẹ̀ tóbi ju bí ẹnu ti lè sọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, èrò ibẹ̀ pọ̀, nínú òkùnkùn ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti máa wo ẹja dípò kí ẹ wo ara yín. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, àfi bí ó bá jẹ́ òun ni ọmọ yàn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n fò. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ rí i pé ọmọ mọ orúkọ yín lódindi, àti nọ́ńbà fóònù yín lórí. Ọmọ tí ó bá sọnù tí ó ń sọ pé “Mọ́mì” ni orúkọ ìyá òun kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, nítorí a kò kọ́ wọn láti pe orúkọ wa. Bákan náà, ọmọ tí ó bá jókòó sílẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán tí kò fẹ́ rìn mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ebi ń pa á. Kì í ṣe àfojúdi. Bí ọwọ́ bá ti fẹ́ gbéra, tí ohùn ti fẹ́ ròkè lójú títì, ẹ rántí pé ojú tí ń wo yín kò mọ̀ yín. Ẹ ra omi tútù, ẹ wá ibòji, ẹ jókòó. Bí ọjọ́ náà bá parí síbẹ̀, ó ti tó.

Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ má bi í ní ohun tí ó kọ́. Kí ó sùn bí ó bá fẹ́ sùn. Doraville ni òpin ojú irin, ẹ kò lè kọjá rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé tí àwọn yòókù bá ń béèrè pé ìgbà wo ni ó kàn wọ́n, ẹ mú kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó kàn sí Sátidé kan, níṣojú gbogbo wọn.