Ẹ Má Gbọn Kẹ́ẹ̀gì Náà

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pọn bíà nínú ilé rẹ̀, tó wá ń gbọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ jìgìjìgì nígbà tí òde ku ọ̀la, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Níhìn-ín ní Houston, àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín wa tí ọwọ́ wọn dán nínú ọtí pípọn. Ibi tí wọ́n ti ń gbé e fún àlejò ló ti ń bàjẹ́: ìfófòó á kún ife, ọtí tó wà nísàlẹ̀ kò ní ju ìka méjì lọ, bí ìfófòó bá sì rọlẹ̀, ọtí náà ti tẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì tí mò ń wí kì í ṣe ike aláwọ̀ yẹ́lò tí a fi ń gbé ẹmu. Irin tí kì í dípata ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gba gálọ̀nù 5 ti Amẹ́ríkà, ìyẹn bíi lítà 19. Àwọn tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò bíi Pepsi àti Coca-Cola ló ń lò ó tẹ́lẹ̀; nígbà tí wọ́n pa á tì ni àwọn apọntí inú ilé ń rà á ní àlòkù. Ẹnu méjì ló ní lókè: gáàsì ń gba ọ̀kan wọlé, ọtí ń gba èkejì jáde.

Carbon dioxide ni gáàsì náà. Ìwúkàrà máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ bó bá ń jẹ ṣúgà inú ọtí; òun ló jẹ́ kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ìyá mi ń pọn ní Iléṣà máa ta wá láhọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti fẹ́ lọ kí á tó da bíà sínú kẹ́ẹ̀gì, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún un ní òmíràn láti inú sílíńdà. Ọtí tútù ló ń gba gáàsì mọ́ra, èyí tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́ á tì í jáde. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú fíríìjì ní 3°C, ẹ yí régúlétọ̀ tó wà lórí sílíńdà títí abẹ́rẹ́ géèjì á fi dúró sórí 11 tàbí 12 PSI, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìwọ̀n tó yẹ ẹ́ ló máa gbà, kò ní kọjá ibẹ̀.

Àwọn agbọnkẹ́ẹ̀gì a máa gbé géèjì dé 30, wọ́n á wá máa yí kẹ́ẹ̀gì gbiri lórí ilẹ̀ kí gáàsì lè tètè wọnú ọtí. Kò sí ohun tó lè sọ fún wọn pé ó ti tó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti fara balẹ̀ sísàlẹ̀ á tún rú sókè, ọtí tó mọ́ á wá dàrú. Bí òde bá ti sún mọ́lé jù, ẹ fi sí 30 fún ọjọ́ kan nínú fíríìjì láìgbọn ọ́n, ẹ dá a padà sí 12, ẹ tú gáàsì tó wà lókè dànù, ó máa ṣeé mu. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó sàn.

Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé láti sílíńdà dé kẹ́ẹ̀gì. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò, bí a bá sì fi í sílẹ̀, sílíńdà á gbẹ kí ọtí tó tán. Inú yàrá tí kò ní fèrèsé kọ́ ni kí ẹ gbé sílíńdà sí o, nítorí gáàsì yìí lè pa èèyàn.

Láti 1978 tí Ààrẹ Carter ti fọwọ́ sí òfin bíà pípọn nínú ilé, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba ilé tó ní àgbàlagbà méjì láyè láti pọn gálọ̀nù bíà 200 lọ́dún, kìkì pé wọn ò gbọdọ̀ tà á. Àlejò ṣíṣe ni wọ́n fún wa láyè fún. Ẹ jẹ́ ká ṣe é dáadáa.

Ọ̀ràn rọ́bà tí ọtí ń gbà jáde ló kù. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ló ń dá ọtí dúró kó má baà tú yàà sínú ife. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ tán pátá, torí pé ṣíṣí i díẹ̀ ló ń mú un hó. Ẹ dẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tó gbé e dúró bó bá fẹ́ kún. Rọ́bà ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò yìí ń dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì fún wa. Kò tó. Kí wọ́n máa fún wa ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kí wọ́n sì fi iye rẹ̀ kún owó ọjà. A máa san án.