Ọwọ́ Ta Ni Ìwé Owó Wà?

Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wọlé ni àwọn ọmọ wa ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá síwájú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà béèrè rẹ̀. Àwọn kékeré ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé owó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn. Àwọn tí ó jù wọ́n lọ díẹ̀ ń béèrè bóyá owó tí ó wà nínú tẹlifóònù ìyá wọn ni wọ́n ń pè ní bitcoin. Ọmọ kan tí ó wà ní kíláàsì ìparí kò bá tiyẹn lọ rárá: ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi owó ìdánwò òun lé ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó ṣèlérí láti fi «cryptomonnaie» sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí oṣù tó parí. Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ìdáhùn àwọn àbúrò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sì tọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ẹyọ, nítorí pé nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá sọ pé owó, ẹyọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Okùn kan jẹ́ ogójì ẹyọ. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20 000. Ẹyọ kò ṣe é jẹ, kò ṣe é fi dáná. Ohun méjì ni ó fún un ní iyì. Ẹni tí ó gbà á lọ́jà mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gbà á lọ́wọ́ òun náà. Ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ṣà á létí òkun Ouidah, nítorí pé láti àwọn erékùṣù Maldives, ní òkun Íńdíà, ni ọkọ̀ ti ń kó o wá. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì àti Faransé rí irú mìíràn ní Zanzibar, tí ó tóbi jù, tí ó sì rọrùn láti rí. Wọ́n ń kó o dé etíkun wa láìdáwọ́dúró. Okùn tí ó ti ń ra ẹrù kan tẹ́lẹ̀ kò rà á mọ́. Ẹni tí ó ti to ọ̀kẹ́ jọ sínú ìyẹ̀wù rí i pé ọrọ̀ òun ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni olè kankan kò wọlé.

Lónìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ayé kì í ṣe ẹyọ, kì í ṣe irin, kì í ṣe bébà. Àkọsílẹ̀ ni. Bí ìyá kan ní Àjàṣẹ́ bá fi 5 000 sẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti orí tẹlifóònù, kò sí owó kankan tí ó gba ọ̀nà Ìdáàṣà kọjá. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ṣí ìwé rẹ̀, tí ó yọ 5 000 kúrò lábẹ́ orúkọ ìyá, tí ó sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ọmọ. Sẹ́fà ni ó jẹ́ níbi tí ó ti kúrò, sẹ́fà náà ni níbi tí ó dé. Òfin BCEAO, báńkì àgbà wa tí ó wà ní Dakar, sọ ọ́ di dandan pé kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi iye owó kan náà pamọ́. Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀, ẹ ní ẹni tí ẹ lè pè. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ béèrè ìbéèrè kejì, rárá: owó inú tẹlifóònù ìyá yín kì í ṣe bitcoin.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìwé lọ́wọ́ lè yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn aláṣẹ kéde pé fránkì ilẹ̀ Faransé kan, tí ó ti ń jẹ́ 50 sẹ́fà, ti di 100 sẹ́fà. Àwọn òbí yín kò gbàgbé iye tí oògùn àti epo mọ́tò dà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Irú ìrírí bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe tiwa nìkan, ni ó mú kí àwọn kan láyé máa wá owó tí ìwé rẹ̀ kò ní sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé àlàyé olójú ewé mẹ́sàn-án jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rí hàn wá irú ẹni tí ó jẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2009, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé bitcoin. Kí ọmọdé lè mọ ohun tí ó ṣe, ẹ jẹ́ kí a wo èsúsú, tí àwọn kan ń pè ní tontine. Ogún obìnrin ń dá owó. Akọ̀wé kan ni ó ní ìwé. Bí akọ̀wé bá pa iye kan rẹ́, tàbí bí iná bá jó ilé rẹ̀, ìjà dé. Ẹ wá rò ó pé gbogbo ogún obìnrin náà ni ó ní ìwé tirẹ̀. Nígbàkúùgbà tí owó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹnì kejì, a ó kà á sókè, gbogbo wọn a sì kọ ọ́. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ń gbé àmì kan tí a ṣírò láti inú ojú ewé tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá yí ti àná padà ti ba ti òní jẹ́, ojú gbogbo ènìyàn yóò sì rí i. Ẹ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé rọ́pò àwọn obìnrin náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní blockchain nìyẹn: ojú ewé tí a so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n.

Ta ni ó wá ń kọ ojú ewé tuntun? Àwọn tí wọ́n ń pè ní awakùsà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbẹ́ ilẹ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà wọn ń dán nọ́ńbà wò láìsinmi títí ọ̀kan yóò fi bá àmì tí a ń wá mu, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá rí i ni ó kọ ojú ewé, a sì fi bitcoin tuntun san án lẹ́san: 50 ní ọdún 2009, ìdajì rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ó fi di 3,125 láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ní kọjá mílíọ̀nù 21 láéláé. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹyọ Zanzibar ni ẹni yìí ń sá fún. (Iná mànàmáná tí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn ń jẹ kò kéré, àwa tí a mọ ohun tí àìsí iná jẹ́ kò sì lè ṣàì sọ ọ́.)

Ẹ̀yin kékeré, òótọ́ ni nígbà náà: ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kan bitcoin. Ìlà inú ìwé ni. Ohun tí olówó rẹ̀ ní lọ́wọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, tí a sábà máa ń kọ bí ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24. Bí bébà tí ó kọ ọ́ sí bá sọnù, owó náà ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì. Bí ẹlòmíràn bá rí i kà, tirẹ̀ ni owó. Kò sí ọ́fíìsì tí ẹ ó lọ jókòó sí iwájú rẹ̀.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ọkùnrin kan ní Florida fi 10 000 bitcoin ra píísà méjì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, bitcoin kan ṣoṣo kọjá 60 000 dọ́là. Ọdún kan lẹ́yìn náà, kò tó 20 000 mọ́. Ẹni tí ó fi owó ilé-ìwé rà á ní oṣù kọkànlá àkọ́kọ́ kò ní rí ìdá mẹ́ta rẹ̀ ní ìkejì. Lójú tiwa, bitcoin kì í ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú owó oúnjẹ sí. Kì í sì í ṣe gbogbo owó orí ẹ̀rọ ni bitcoin. Báńkì àgbà Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ná ọjà, gbé eNaira jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Orí ẹ̀rọ ni òun náà wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ báńkì ni ìwé rẹ̀ wà.

A wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ kíláàsì ìparí. Ìbéèrè tí a ní kí ó bi ọkùnrin náà kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé dà? Ìwé bitcoin ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ilé-ìwé lè ṣí i wò láìgba àṣẹ. Ní ọdún 2014, Ruja Ignatova, obìnrin ọmọ Bulgaria, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun kan tí wọ́n pè ní OneCoin, pé yóò borí bitcoin. Láti Yúróòpù dé Uganda ni àwọn ènìyàn ti rà á, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là sì wọlé. Kò sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ iye tí ó wù ú sójú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, obìnrin náà wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Sofia lọ sí Athens, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Karl Greenwood, tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀, gba ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023.

Ọmọ náà dá wa lóhùn pé òun mọ àwọn tí ọkùnrin yìí ti san owó fún. A gbà á gbọ́. Àwọn ẹni àkọ́kọ́ a máa gba owó ní tòótọ́. Owó àwọn tí ó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san án, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tí ó bá wọlé mú ẹni méjì wá. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí ICC Services ní Benin ní ọdún 2010 mọ ibi tí irú rẹ̀ ń parí sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò dárúkọ bitcoin nígbà náà.

Fún ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ẹ fẹ́ fi eléyìí han àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ̀pà àti ìwé ìkọ̀wé márùn-ún ti tó. Ẹ fún ọmọ márùn-ún ní ẹ̀pà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fún ara wọn, kí wọ́n máa kéde rẹ̀ sókè, kí olúkúlùkù sì máa kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹ̀pà náà kúrò nílẹ̀ pátápátá, kí eré máa lọ pẹ̀lú ìwé nìkan. Nígbà tí ó bá yá, ẹ sọ fún ọmọ kan ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó fi mẹ́ta kún ti ara rẹ̀, kí ẹ sì ní kí gbogbo wọn ka ìwé wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà.