Àjẹìwẹ̀yìn Kò Yẹ Lówó Ìfẹ̀yìntì

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2013 tó yẹ ká gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú oṣù Kíní ọdún náà, John Yakubu Yusufu, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, jẹ́wọ́ níwájú Adájọ́ Abubakar Talba l'Ábùjá pé òun lọ́wọ́ nínú bí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà owó àwọn arúgbó ọlọ́pàá ṣe wọmi. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn 750,000 náírà ni adájọ́ dá fún un. Ọ̀gbẹ́ni náà san owó ìtanràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó di ọdún 2018 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà àti owó ìtanràn bílíọ̀nù 22.9 náírà rọ́pò ìdájọ́ yẹn.

Lọ́dún 2013 yìí kan náà ni Ìpínlẹ̀ Sókótó ṣòfin owó ìfẹ̀yìntì fún gómìnà àti igbákejì rẹ̀. Bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe gbé e, òfin náà ní kí gómìnà tó ti kúrò lórí àlééfà máa gba iye tí ẹni tó wà níbẹ̀ ń gbà lówó oṣù, kí wọ́n sì tún fún un ní mílíọ̀nù 200 náírà dípò ilé, ọkọ̀ àti àwọn ìránṣẹ́. Ti igbákejì jẹ́ mílíọ̀nù 180. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà kò ju 18,000 náírà lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tó ń gbé ní Runjin Sambo nínú ìlú Sókótó, yóò ṣiṣẹ́ ju 900 ọdún lọ láìná kọ́bọ̀ kó tó kó mílíọ̀nù 200 jọ.

Kí ọmọ Yorùbá má rò pé ọ̀rọ̀ ará òkè ọya nìkan lèyí o. Èkó ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2007, tòun ti ilé l'Ékòó, ilé l'Ábùjá, àti ọkọ̀ tí wọn yóò máa pààrọ̀ lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tó kówó ìlú jẹ nígbà tó wà nípò tún máa gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìlú kan náà? Èmi ní kò yẹ. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé òfin tuntun tó le koko ni irú èmi ń wá. Irọ́ ni. Òfin náà ti wà tipẹ́, mẹ̀kúnnù nìkan ló ń mú. Ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ kedere pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwà burúkú ti pàdánù ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, àyàfi èyí tí òfin owó ìfẹ̀yìntì bá dáàbò bò. Akọ̀wé kékeré tó yí ìwé owó po mọ ohun tó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọ̀gá àgbà, wọn kì í sábà lé e. Wọ́n á ní kó kọ̀wé kó máa lọ sinmi nílé, owó rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e bọ̀.

Ní ti àwọn gómìnà, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbàgbé wọn pátápátá. Abala 124 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láyè láti ṣòfin owó ìfẹ̀yìntì fún gómìnà tàbí igbákejì tí wọn kò bá yọ nípò. Ẹni tí wọ́n bá yọ, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára, àmọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ló wọ́. Ìyọnípò wà lọ́wọ́ olóṣèlú. Ní oṣù Kíní 2006, àwọn aṣòfin Ọ̀yọ́ yọ gómìnà wọn, Ráṣídì Ládọjà, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní wọn kò tẹ̀ lé òfin, ó sì padà sípò. Lódì kejì, ilé ẹjọ́ dá Jolly Nyame, gómìnà Taraba tẹ́lẹ̀, lẹ́bi ìkówójẹ ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní 2020, ìjọba sì dárí jì í ní 2022. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò yọ ọ́ nígbà tó wà lórí oyè, abala 124 kò ní ohunkóhun bá a wí. Ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ pọ̀ nílé aṣòfin ni òfin yìí lè fìyà jẹ, kì í ṣe ẹni tó jalè.

Nítorí náà, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ló yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀sùn EFCC, kì í ṣe àwòrán ojú ìwé ìròyìn. A kò gbàgbé ọdún 1975, nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed lé òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ibi rojọ́. Kí ẹjọ́ dé òpin kòtẹ́milọ́rùn ná, kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì ti dé òpin, kí ìdáríjì ìjọba má lè dá owó náà padà. Ìdáríjì lè yọ èèyàn lẹ́wọ̀n, kò sọ owó tó jí di owó tí kò jí.

Àwọn kan á bi mí pé, ìyàwó àti ọmọ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ti lànà sílẹ̀ fún wa: òṣìṣẹ́ ń dá ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí àpò, ìjọba ń dá ìpín 10 lé e. Ìpín 8 jẹ́ òógùn òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun àti ìdílé rẹ̀, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá ní kó fi dá owó tó jí padà. Ìpín 10 ti ìlú ni kó padà sápò ìlú. Ohun tó jọ èyí ni wọ́n ṣe fún George Ryan, gómìnà Illinois tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà àjẹbánu ní 2006. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì mọ́, àfi kí wọ́n dá èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá padà fún un. Ti gómìnà Sókótó tilẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ, torí ìlú ló ń ru gbogbo ẹ̀bùn òfin 2013, kò sí òógùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìwé òfin dí wa lọ́nà. Abala 210 ní wọn kò gbọdọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró, àyàfi bí òfin bá fàyè gbà á. Iṣẹ́ aṣòfin sì ni kí ó ṣe òfin náà. Zamfara, tí wọ́n yọ lára Sókótó ní 1996, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: lẹ́yìn tí gómìnà wọn tẹ́lẹ̀, Abdulaziz Yari, kọ̀wé béèrè mílíọ̀nù 10 náírà tó yẹ kí wọ́n máa san fún un lóṣooṣù, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn wọ́gi lé òfin owó ìfẹ̀yìntì gómìnà tiwọn ní oṣù Kọkànlá 2019.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sókótó fi gbólóhùn kan kún òfin 2013: gómìnà tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ìkówójẹ kò ní kọ́bọ̀ kan láti gbà. Kí Èkó ṣe bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ìpínlẹ̀ tó kù ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń kálòlò, ẹ ti mọ ohun tó ní lọ́kàn.