Ẹni tó fara pa nílò eré ìdárayá: Ìsinmi nìkan kò tó

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló gbà pé bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọ lu ènìyàn, tàbí tí eegun rẹ̀ kán níbi ìjàǹbá ọkọ̀, ìsinmi ló kù fún un. Wọ́n á gbé e jókòó síta láàárọ̀, wọ́n á gbé e wọlé nírọ̀lẹ́. Àánú ni wọ́n ń ṣe o, ṣùgbọ́n iṣan tí kò ṣiṣẹ́ yóò máa joro, oríkèé tí a kò nà yóò sì máa le.

Ẹ̀rí wà pé ara tó ní àbùkù ṣì lè lágbára. Lọ́dún 2024, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì nílùú Paris kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan. Àwọn akàndá ẹ̀dá tó lọ sí Paralympics lẹ́yìn wọn gba méje, méjì sì jẹ́ wúrà. Folashade Oluwafemiayo gbé irin kílò 167, èyí tí obìnrin kankan kò gbé rí ní ìsọ̀rí tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò gbé irin. Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó yẹ kí aláàbọ̀ ara tó ti dàgbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e, díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ. Kí ènìyàn máa dìde lórí àga, kó sì tún jókòó, eré ìdárayá ni.

Àmọ́, olùkọ́ ṣe pàtàkì. Eré tó wo ẹnìkan sàn lè dá kún egbò ẹlòmíràn. Dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ ara wò, kí physiotherapist, ìyẹn onímọ̀ ìlera tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, wá sọ èyí tó yẹ. Bí àyà bá ń dun ènìyàn tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kó dáwọ́ dúró.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ilé ìwòsàn ńlá nígboro ni irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Àgbẹ̀ tó fara pa ní Òkè-Ògùn lè ní láti wọkọ̀ dé Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Òfin tó dáàbò bo akàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, fún àwọn ilé ìlò ará ìlú ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Gbèdéke náà ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ bá wọlé, ta ni yóò kọ́ aláìsàn láti tún rìn?

Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ya ọjọ́ sọ́tọ̀ tí àwọn onímọ̀ yìí yóò máa dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí wọ́n sì kọ́ ìdílé aláìsàn pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.