Òfin Ìjókòó-Wòran Kò Gba Ìlú Kékeré Sílẹ̀

"Ọpẹ́lọpẹ́ òfin." Báyìí ni wọ́n máa ń wí ní Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí omi adágún ti ń dì gbagidi nígbà òtútù, tí ìlú kan sì ń fi họ́kì orí yìnyín fọ́nnu sí ìlú kejì. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti òfin tó ní kí ọmọ tó bá pààrọ̀ ilé ìwé girama jókòó wòran fún ọdún kan, àwọn ilé ìwé alágbára bí Edina àti Minnetonka ì bá ti kó gbogbo ọmọ tó mọ ọ̀pá họ́kì í dì mú, àwọn ìlú kéékèèké kò sì ní rí ikọ̀ kó jọ mọ́. Òbí gbà á gbọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá gbà á gbọ́, oníròyìn eré ìdárayá ń tún un sọ. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jókòó hun ún. Ó kàn ti pẹ́ lẹ́nu títí ó fi ń dún bí òótọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán là ń sọ. Nínú eléré 20 tó gba wúrà họ́kì fún Amẹ́ríkà ní Òlíḿpíìkì ọdún 1980, ọmọ Minnesota ni 12. Herb Brooks tó kọ́ wọn, ọmọ St. Paul ni òun náà. Ní ìpínlẹ̀ yìí, ọdún mẹ́rin tí ọmọ lò ní ilé ìwé girama ni gbogbo ìlú fi ń mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọdún kan nínú mẹ́rin yìí lọ́wọ́ ọmọ, ó yẹ kó ní ìdí tó dúró lórí ẹsẹ̀.

Kí ni òfin náà wí? Mo béèrè nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ kò kà á rí. Minnesota State High School League, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé ìwé girama ìpínlẹ̀ náà láti 1916, tí a ó máa pè ní Líìgì, ló ṣe é. Bylaw 111 lorúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ń wọ kíláàsì kẹsàn-án fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lọ síbi tó wù ú, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá pààrọ̀ ilé ìwé, kò gbọdọ̀ bá ikọ̀ àgbà gbá fún odindi ọdún kan, ikọ̀ kékeré nìkan ló kù fún un. Àwọn tí òfin yọ̀ǹda kò pọ̀: ọmọ tí òbí rẹ̀ kó gbogbo ìdílé lọ sí àdúgbò ilé ìwé tuntun, ọmọ tó bá àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ọmọ tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kó lọ gbé níbòmíràn, àti ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ bàbá lọ bá ìyá lẹ́yìn tí ìgbéyàwó ti túká. Ọ̀nà wà láti bẹ àjọ náà pé kó wo ọ̀rọ̀ ẹni ṣe, bí òbí bá kú, tàbí bí ìwé bá wà lọ́wọ́ tó fi hàn pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ ní ilé ìwé àtijọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀ o. Òfin yìí kì í kọ́kọ́ béèrè ìdí. Ọmọ tó lọ nítorí olùkọ́ físíìsì àti ọmọ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọ̀rọ̀ dídùn fà lọ, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti ń já.

Ọdún 1945 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje họ́kì gbogbo ìpínlẹ̀ ní St. Paul, Eveleth ló sì gbé ife lọ. Ìlú awakùsà ni Eveleth, lórí Iron Range níbi tí wọ́n ti ń wa irin nínú ilẹ̀. Láti 1948 títí dé 1951, ọdún mẹ́rin léra wọn, ife kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ta ni wọ́n jí kó? Kò tíì sí òfin kankan nígbà yẹn tó ní kí ọmọ lè fi ilé ìwé ìjọba àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ti àdúgbò mìíràn bó ṣe wù ú. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni àǹfààní yẹn tó dé, nígbà tí Gómìnà Rudy Perpich, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iron Range, ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ náà.

Edina tí wọ́n ń bẹ̀rù ńkọ́? Ó gba ife ní 1969, ó gbà á ní 1971, ó gbà á ní 1982 àti 1984. Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ kí òfin Perpich tó dé. Kò kó ọmọ ọlọ́mọ. Ìlú olówó ni, ní ẹ̀gbẹ́ Minneapolis, ó ní ilé yìnyín, ó ní ẹgbẹ́ ọmọdé tó ń kọ́ àwọn ọmọ láti kékeré, ó sì ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó ń jẹ́ Willard Ikola. Ibo ni Ikola ti wá? Eveleth! Òun gan-an ni aṣọ́lé Eveleth nígbà tí wọ́n ń gba ife léra léra. Edina gbà á síṣẹ́, ó sì lo ọdún tó lé ní 30 níbẹ̀, ó gba ife mẹ́jọ. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó kó ọgbọ́n ìlú awakùsà lọ fún ìlú olówó, ẹni náà nìyí, mi ò sì bá a jà: iṣẹ́ ló wá lọ, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kí Ikola jókòó wòran fún ọdún kan. Títí di òní, àgbàlagbà lè ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó máa kọ́ ikọ̀ àgbà lọ. Ọmọ ọdún 16 ni kò gbọdọ̀ dán an wò.

Eveleth kò gba ife mọ́ báyìí. Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kó lọ ni? Iṣẹ́ ìwakùsà ló rẹ̀yìn, àwọn ènìyàn sì ń kó lọ, ọmọ ò tó mọ́ nínú kíláàsì. Ilé ìwé Eveleth para pọ̀ mọ́ ti Gilbert, nígbà tó sì di 2020, gbogbo wọn para pọ̀ mọ́ ti ìlú Virginia, wọ́n ń jẹ́ Rock Ridge. Kò sí òfin Líìgì tó lè dá ìyẹn dúró. Ẹ wá fi Roseau wé e, ìlú kékeré kan lẹ́bàá ààlà Kánádà tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 3,000. Roseau ti gba ife ní ìgbà méje, ó gbà á ní 1990 àti 1999, nígbà tí ọmọ ti lè lọ síbi tó wù ú, tí òfin ìjókòó kò sì tíì le báyìí. Kò sẹ́ni tó kó àwọn ọmọ Roseau lọ. Yìnyín pọ̀ níbẹ̀, àwọn bàbá tó ń kọ́ ọmọdé pọ̀, ọmọ ń wọ bàtà yìnyín kó tó mọ̀wé kà. Ohun tó ń mú ọmọ dúró nílùú nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti so òfin náà le tán, Edina gba ife ní 2010, ó gbà á ní 2013, ní 2014, ní 2019 àti ní 2024. Ìgbà márùn-ún. Bó bá jẹ́ pé torí Edina ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ẹnì kan wá sọ ohun tó ṣe fún wa.

Ta ni òfin náà wá mú? Kì í mú olówó. Bàbá tó bá lè ta ilé rẹ̀, kó ra òmíràn ní àdúgbò tó wù ú, ọmọ rẹ̀ yóò bá ikọ̀ àgbà gbá ní ọjọ́ kìíní. Òfin náà pè é ní àyípadà ibùgbé. Owó ni èmi mọ̀ ọ́n sí. Kì í mú ẹni tó gbọ́n ní ọjọ́ orí 14, nítorí ní kíláàsì kẹsàn-án, ẹ ti gbọ́, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fa ọmọ, yóò ti fà á nígbà tó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Bantam, kí òfin tó jí. Ilé ìwé àdáni náà kò ní ààlà àdúgbò tó dà bíi ti ilé ìwé ìjọba: Hill-Murray lè gba ọmọ láti ìlú mẹ́wàá ní kíláàsì kẹsàn-án, bí owó ilé ìwé bá ti wà.

Àwọn tó ń sọ ikọ̀ ilé ìwé dòfo gan-an sì ń kọjá lójú òfin bí ẹni tí kò sí. Shattuck-St. Mary's wà ní Faribault, nínú Minnesota níbẹ̀. Sidney Crosby gbá họ́kì níbẹ̀, Zach Parise àti Jonathan Toews náà. Ikọ̀ ńlá wọn kì í bá àwọn ilé ìwé Líìgì du ife ìpínlẹ̀, nítorí náà Bylaw 111 kò kàn wọ́n. USA Hockey, àjọ tó ń darí họ́kì Amẹ́ríkà, ní ikọ̀ ìdàgbàsókè tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan, ó ń kó àwọn ọmọ tó dáa jù ní orílẹ̀-èdè náà lọ síbẹ̀ láti 1996. Àwọn líìgì jẹ́níọ̀, tí kì í ṣe ti ilé ìwé, ń pè wọ́n pẹ̀lú. Láti 2025 pàápàá, ọmọ tó bá lọ gbá ní líìgì jẹ́níọ̀ ńlá ti Kánádà ṣì lè padà wá gbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó mọ eré jù ní ìlú lè lọ ní kíláàsì kọkànlá, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Ẹni tó kàn fẹ́ kúrò ní ilé ìwé kan lọ sí èkejì tó wà ní máìlì márùn-ún síra wọn ni wọ́n ń ká mọ́.

Ta ni ẹni yẹn? Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń yá ilé gbé, tí kò lè kó kúrò. Ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ kò bá a lára mu, ṣùgbọ́n tí kò sí ìwé ọlọ́pàá tó lè fi hàn. Àti ọmọ àwa náà. Àwọn Yorùbá wà ní Brooklyn Park àti agbègbè rẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń sáré, wọ́n ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ju họ́kì lọ, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló de gbogbo eré. Nílé wa, bí ìyá bá ń ṣiṣẹ́ òru, tí ilé ò rọgbọ, a ó fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Líìgì kò mọ igba ojú yẹn. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá kì í ṣe ibùgbé lójú rẹ̀, àfi kí adájọ́ fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ náà ṣe ohun tí ìdílé ní kó ṣe, wọ́n sì ní kó lọ jókòó.

Àwọn olùgbèjà òfin yóò ní, "Kì í kúkú ṣe pé ó jókòó lásán, ó ń bá ikọ̀ kékeré gbá." Ẹ lọ wo ọmọ ọdún 17 láàárín àwọn ọmọ ọdún 14 lórí yìnyín, kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tí ìyẹn ṣe láǹfààní, òun tàbí àwọn tó ń kọlù. Wọ́n á tún ní ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí irú òfin yìí. Òótọ́ ni: ní 1982, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ agbègbè tí Minnesota wà fọwọ́ sí irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ kan láti Missouri. Àmọ́ ohun tí adájọ́ wò ni bóyá òfin náà bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu. Kò sẹ́ni tó ní kó wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Èyí tó ní láárí jù nínú àtakò wọn ni pé àwọn àgbàlagbà kan ń fa ọmọ lóòótọ́. Mo gbà, tọkàntọkàn. Ṣé ọmọ la ó wá nà? Ẹ fi ejò sílẹ̀, ẹ ń na ọ̀nà tó gbà kọjá. Ọ̀nà tó tọ́ ti wà nílẹ̀. Ní 1997, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Brentwood Academy, ní Tennessee, kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ tí yóò wọ ilé ìwé náà pé kí wọ́n wá ṣe ìdánrawò. Àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ náà bu owó ìtanràn 3,000 dọ́là lé ilé ìwé náà, wọ́n sì fi ìyà mìíràn kún un. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní 2007, ilé ẹjọ́ ní àjọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. (Nínú ìyà tí wọ́n fi kún un, wọ́n yọ ikọ̀ ilé ìwé náà kúrò nínú ìdíje àṣekágbá, ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti bá wọn jà, torí ọmọ ló tún jẹ ẹ́.) Agbára láti mú àgbàlagbà tó ń fa ọmọ wà lọ́wọ́ àjọ. Iṣẹ́ ni kò dùn ún ṣe: ó gba ìwádìí, ó gba kí wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn lẹ́jọ́. Ọmọ ló rọrùn jù láti mú.

Àwọn yunifásítì ti jáwọ́ nínú rẹ̀. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, jẹ́ kí eléré pààrọ̀ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan láìjókòó ní 2021. Ní 2024, wọ́n mú òpin kúrò lórí iye ìgbà, bí ìwé rẹ̀ bá ti yanjú. Ọmọ ọdún 20 tó ń gba owó ìpolówó lọ síbi tó wù ú, ọmọ ọdún 16 tí kò gba kọ́bọ̀ ni a dè mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àpéjọ àwọn aṣojú Líìgì kò pọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè pààrọ̀ ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan láàárín kíláàsì kẹsàn-án sí kejìlá láìpàdánù ọjọ́ kan. Kí wọ́n ka ilé ìbátan tó ń tọ́ ọmọ sí ibùgbé, pẹ̀lú lẹ́tà òbí, láìdúró de adájọ́. Bí ẹ̀rí bá wà pé àgbàlagbà kan ló fa ọmọ, kí ọdún ìjókòó náà jẹ́ tirẹ̀: kí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà má fẹsẹ̀ kan ibi ìjókòó ikọ̀ àgbà láti oṣù Kọkànlá títí ìdíje oṣù Kẹta yóò fi parí, kí wọ́n sì tẹ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ṣe jáde kí gbogbo òbí kà á.