Mítà Dún, A Ní Ó Parí

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Bí Yorùbá mi bá ta kókó níbì kan, ẹ bá mi tú u. Ọ̀rọ̀ irin inú kọ́ńkéré ni mo mú wá.

Gbogbo wa la mọ bí àrá ṣe ń sán ní Kàdúná nígbà òjò. (Àwa tí a ní Ṣàngó nílé kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún.) Ilé gíga gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí mànàmáná yóò gbà wọlẹ̀. Bí a bá na bàbà sára ògiri, olè lè tú u tà. Ìlànà IEC 62305 tí àwọn ẹnjiníà àgbáyé ń lò gbà pé irin inú òpó lè ṣe iṣẹ́ náà, bí ó bá so kọ́ra láti òkè délẹ̀, tí ìdènà iná inú rẹ̀ kò sì ju 0.2 ohm lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ lò ó. Níbi tí irin bá já, iná àrá lè fò, kí ó sì la kọ́ńkéré.

Nígbà tí mo ń ṣe IT níbi ilé alájà mẹ́rin kan, mo ní kí a wọn irin kí wọ́n tó da kọ́ńkéré. Fọ́ọ̀mánù wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, irin ló kan irin yẹn. Kí lo tún fẹ́ wọ̀n?" Wọ́n gbé mítà kékeré wá, ó dún, wọ́n ní kí n kọ "ó dára" sínú ìwé. Mo sì kọ ọ́.

Mítà bẹ́ẹ̀ lè dún kódà bí ìdènà bá tó 30 ohm. Okùn rẹ̀ nìkan lè ní tó 0.2. Mítà tó tọ́ máa ń fi iná bí 10 ampere gba inú irin kọjá, okùn méjì ọ̀tọ̀ ni yóò sì fi wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tí kọ́ńkéré bá ti gan, àfi kí a máa gbẹ́ òpó kí a tó rí irin.

Àwọn ti sífù ní iṣẹ́ àwa oníná ni. Àwa náà ní irin kì í ṣe tiwa. Èrò mi ni pé kí ẹ̀ka méjèèjì jọ dúró ti òpó, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí nọ́ńbà tí mítà bá kọ, kì í ṣe "ó dára".

Èèyàn ti kún ilé yẹn báyìí. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí Kakuri. Bí òjò bá ti ṣú, òrùlé rẹ̀ ni mo máa ń wò.