Ìkòkò Mélòó Ló Ń Ro Àmàlà?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, bí inú yóò bá bí ẹnikẹ́ni kó bí i. Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ti sọ ilé ìdáná di ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ẹrù ìyàwó tí wọ́n ń gbé kọjá ní Oníyanrìn níbi: ìkòkò 12 tó ń wọnú ara wọn, blender, tósítà, ọ̀bẹ mẹ́sàn-án tí wọ́n kì bọ inú igi. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ọkọ gbà. Níbo ni wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sí? Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni, nínú páálí tí wọ́n fi rà á, títí eku yóò fi bímọ síbẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ni mo ń bá wí o. Àwa ìyá là ń ṣe ṣekárími, tí à ń ka ìkòkò sétí àwọn àna.

Wọ́n á ní ayé ti yí padà. Mo gbà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí ààrò kó máa fẹ́ná títí ojú yóò fi pọ́n. Gáàsì ni èmi náà fi ń dáná. Ohun tí mò ń wí ni pé oúnjẹ tí ẹ ń jẹ ni kó yan irinṣẹ́ fún yín, kì í ṣe àwòrán tí ẹ rí lórí fóònù.

Kí là ń jẹ ní Ìbàdàn? Àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì. Èlùbọ́ ń fẹ́ ajọ̀ tí a ó fi kù ú. Àmàlà ń fẹ́ orógùn tó le, tí ẹnu rẹ̀ fẹjú, àti ìkòkò tó wúwo, tí kò ní máa yí kiri lórí gáàsì nígbà tí apá bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ gbé ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kun nínú pé kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ máa fi orógùn ro àmàlà ẹni mẹ́fà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dà náà yóò fi máa ṣí, inú òkèlè lẹ ó sì ti bá a. Ewédú ń kọ́? Ìjábẹ̀ ni. Ìjábẹ̀ yìí náà la fi ń já ẹ̀wà gbẹ̀gìrì tó bá ti jinná dáadáa. Irinṣẹ́ kan, ọbẹ̀ méjì, kò sì mu iná.

Blender ní tirẹ̀, láìsí iná, ife lásán ni. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló tún fẹ́ máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ata mẹ́fà? Ẹlẹ́rọ ata wà nítòsí. Ẹni tó ń lọ oúnjẹ ọmọ ọwọ́, tirẹ̀ yàtọ̀, kó rà á. Odó náà, ẹni tó ń gúnyán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó lọ yá ti aládùúgbò. Ọ̀bẹ ńlá kan, kékeré kan, àti òkúta tí a ó fi máa pọ́n wọn, ó tó.

Ìkòkò gan-an ni ọ̀rọ̀ tí kò gba yẹ̀yẹ́. Èyí tó funfun tó sì ki, tí à ń pè ní ìkòkò irin lọ́jà, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe irin rárá. Àlùmínì àlòkù ni: ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, agolo, páànù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yọ́ pọ̀. Ohun tó bá wà nínú àlòkù ló ń bọ́ sínú ìkòkò. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ gbé èsì àyẹ̀wò irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ jáde ní Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, wọ́n sì rí òjé tó ń jáde láti inú rẹ̀. Ní ọdún 2017, wọ́n tún gbé ti ohun ìdáná 42 láti orílẹ̀-èdè 10 jáde. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló lè tú òjé sóúnjẹ dé ìwọ̀n tó léwu. Tòmátì àti àwọn nǹkan kíkan mìíràn sì máa ń mú kó jáde sí i. Ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n nínú ọbẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Òjé yìí kan náà, láti inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ wá góòlù, ló pa ọmọdé tó ju 400 lọ ní Zamfara ní ọdún 2010.

Ẹnìkan yóò ní, "Ìkòkò tí ìyá mi fi tọ́ mi nìyẹn." Bóyá irin tòótọ́ ni ti ìyá rẹ. Èyí tó o rà lánàá ń kọ́?

Owó tí ẹ ó kó lé ìkòkò 12, ẹ fi ra méjì péré, irin tòótọ́ tàbí irin tó nípọn tí kì í dípẹtà. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú òòfà kékeré dání. Èyí tó wà nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó. Bí ọlọ́jà bá búra pé irin ni, ẹ gbé òòfà sára ìkòkò náà. Irin tòótọ́ yóò gbá a mọ́ra, àlùmínì kò ní dá a lóhùn. Inú lè bí ọlọ́jà. Ẹ jẹ́ kó bí i, kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.